Àgbéyẹ̀wò: Rírìn Pẹ̀lú Afinimọ̀nà Láàárín Àwọn Ilé Àtijọ́ Ìlú Róòmù

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò ni ìrìn tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ń tà fún àlejò ní ìlú Róòmù, nínú èyí tí afinimọ̀nà kan yóò kó bí ènìyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá lẹ́yìn, tí yóò sì máa ṣàlàyé fún wọn bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn láti Colosseum, ilé ńlá tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ń wo ìjà, títí dé ìsun omi Trevi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ, owó tí a san kò sì kéré. Èrò mi ni pé ní Colosseum àti ní Forum, ìyẹn gbàgede àárín ìlú àtijọ́ tó ti di àwókù, owó afinimọ̀nà kò ṣòfò rárá. Ní Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì, àti ní Trevi, ẹni tó bá ti ka nǹkan díẹ̀ kó tó kúrò nílé lè dá ara rẹ̀ mú lọ.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó rà á sára tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, nítorí àwọn tó ń rà á jọ láti tún un tà ní ọ̀wọ́n gógó, nítorí náà orúkọ tí ẹ bá fi rà á gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín mu. Nígbà tí a lọ, Yúrò 18 ni tíkẹ́ẹ̀tì lásán, ó sì kan Forum àti òkè Palatine pẹ̀lú. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ìlà tí ènìyàn máa ń tò lọ́jọ́ náà lè mú kí ọ̀fẹ́ ọ̀hún súni.

Afinimọ̀nà wa, obìnrin kan tí wọ́n bí sí ìlú náà, kò tètè mú wa wọlé. Ó ní kí a dúró níta, kí a tẹjú mọ́ ògiri. Ihò ló kún ara òkúta náà, òmíràn tóbi tó ìkúùkù, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń sọ pé àfi bí ẹni pé wọ́n ti fi ìbọn jà níbẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, wọn kò fi ohunkóhun lẹ àwọn òkúta ńláńlá ti ìta pọ̀. Irin ni wọ́n fi há wọn mọ́ra. Nígbà tí agbára Róòmù wá wọmi, tí irin sì di ohun ọ̀wọ́n, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ògiri láti yọ irin náà jáde, kí wọ́n lè yọ́ ọ fún iṣẹ́ mìíràn. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1349 wá wó apá gúúsù rẹ̀ lulẹ̀, àwọn tó ń kọ́ ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì sì ń kó òkúta tó wó náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ó tún nàka sókè sí àwọn ẹnu ọ̀nà tí nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà lórí wọn, láti 23 títí dé 54, nítorí ọgọ́rin ẹnu ọ̀nà ni ilé náà ní, nọ́ńbà wọ̀nyí ni èrò sì fi ń mọ ibi tí olúkúlùkù yóò gbà wọlé. Ká ní àwa nìkan la lọ ni, abẹ́ àwọn nọ́ńbà yẹn la ò bá kọjá láìgbójú sókè.

Nínú lọ́hùn-ún, ó tò ó fún wa bí ó ṣe ṣẹlẹ̀: Késárì Vespasian ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà níbi tí adágún omi ààfin Késárì Nero wà tẹ́lẹ̀, Titus ọmọ rẹ̀ ló ṣí i ní ọdún 80, Domitian àbúrò Titus ló sì parí àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi okùn àti agbára ènìyàn fa kìnnìún àti béárì gòkè wá sójú pápá. Ibì kan ṣoṣo tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ọ̀rọ̀ ìjà àti ariwo èrò gba àkókò púpọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ẹrú tí wọ́n fi ẹ̀mí wọn ṣeré kò pẹ́ tó fi parí. Fún ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, lífíìtì wà.

Forum gan-an ni mo ti mọ iyì aláàlàyé. Ẹni tó bá dá wọ ibẹ̀, òkúta tó wó ni yóò rí, yóò ya fọ́tò, yóò sì jáde. Ní abẹ́ ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ fún ìrántí Titus, obìnrin náà ní kí a wo ògiri inú: àwọn ọmọ ogun ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, wọ́n gbé ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje ti tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù léjìká, àti àwọn ìpè fàdákà, èyí tí wọ́n kó ní ọdún 70 nígbà tí Titus àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa ìlú náà run. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́, dúró síbẹ̀ títí ẹgbẹ́ wa fi ṣíwájú. A gbọ́ pé láti ayébáyé ni àwọn Júù tó ń gbé Róòmù ti kọ̀ láti gba abẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Níwájú díẹ̀ ni tẹ́ńpìlì Késárì Antoninus àti Faustina ìyàwó rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà wà lókè réré, kò sí àtẹ̀gùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ibi tí ilẹ̀ ga dé nígbà tí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn náà nìyẹn, kí àwọn awalẹ̀pìtàn tó kó erùpẹ̀ kúrò.

Láti ibẹ̀ lọ ni nǹkan ti yí padà. Ìrìn pẹ́lẹ́ ni ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí, àmọ́ àkókò ti lọ, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré lórí àwọn òkúta dúdú kéékèèké tí wọ́n tẹ́ sójú títì, tí wọ́n ń da ẹsẹ̀ rú bí bàtà ẹni kò bá nípọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí wa létí ń já ní gbogbo ìgbà tí afinimọ̀nà bá yà kọ́nà. Báyìí la ṣe kọjá òpó Késárì Trajan, tí wọ́n ti parí láti ọdún 113, tí ère Pétérù mímọ́ sì ti wà lórí rẹ̀ láti ọdún 1587, láìdúró wo ìtàn ogun tí wọ́n gbẹ́ yí i ká.

Ní Pantheon, ìdúró ráńpẹ́ ni wọ́n fún wa, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn jókòó sí. Ní ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba Yúrò 5 lọ́wọ́ àwọn àlejò kí wọ́n tó wọlé. Òrùlé rẹ̀ tó ṣe roboto fẹ̀ ní mítà 43.3, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ sì jẹ́ iye kan náà. Kò sí irin nínú kọnkéré rẹ̀, òkúta wúwo ni wọ́n pò mọ́ ọn nísàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ jù lọ ni wọ́n sì fi sókè. Ihò ńlá kan wà láàárín òrùlé náà tí oòrùn ń gbà wọlé, tí òjò náà ń gbà wọlé, omi òjò sì ń ṣàn lọ sínú àwọn ihò tóóró tí wọ́n lu sí ilẹ̀ mábù. Bí ó ṣe di ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún 609 ló jẹ́ kí ó wà lódidi, kí wọ́n má sì wó o kó bí wọ́n ti ṣe Colosseum.

Agrippa, ìjòyè Róòmù àtijọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú Pantheon, ló fa omi kan wọ Róòmù ní ọdún 19 ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀nà omi yẹn ló sì tún ń bọ́ Trevi títí dòní. Afinimọ̀nà wa kò sọ èyí fún wa. Ibi tí a ti ń ju owó ẹyọ sínú omi ló tẹnu mọ́. Owó yẹn, lóòótọ́, àjọ àánú Caritas ti ìjọ Kátólíìkì ló ń fi ṣe ìrànlọ́wọ́. Èrò tó wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pọ̀ débi pé a kò rí etí omi, àfi nígbà tí àwa méjèèjì padà lọ ní ìdájí. Ẹ mú ìgò dání, nítorí ẹ̀rọ omi mímu ọ̀fẹ́ pọ̀ lójú títì, kí ẹ má sì jókòó sórí àtẹ̀gùn Spagna, àtẹ̀gùn òkúta gbajúmọ̀ tí àlejò máa ń pè ní Spanish Steps, torí láti ọdún 2019 ni wọ́n ti ń bu owó ìtanràn fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá tún fẹ́ mú àgbàlagbà lọ, ìrìn Colosseum àti Forum nìkan ni n ó sanwó fún, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, n ó sì fi ìyókù sí ọwọ́ ara wa. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ilé-iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ lò bóyá owó tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum wà nínú iye tí wọ́n pè, nítorí àwọn kan wà tí iye wọn jẹ́ ti afinimọ̀nà nìkan.