Ó mọ Excel kà, ìwé ìlò rẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ tán

Ìlà mẹ́ta péré. Gbogbo ohun tí ẹni tó ṣe irinṣẹ́ yìí kọ nípa rẹ̀ nìyẹn: ó ń ka fáìlì Excel, ẹ fún un lórúkọ fáìlì àti orúkọ ṣíìtì, á kó ohun tó wà níbẹ̀ wá. Tó bá jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo fẹ́ lò ó, ìlà mẹ́ta ti tó, torí ojú mi ló máa parí ìyókù. Ṣùgbọ́n ejẹ́ńtì AI, ìyẹn prógíráàmù AI tó ń fi irinṣẹ́ ṣiṣẹ́ fúnni, ló ń lò ó, ejẹ́ńtì ò sì lójú. Ohun tí wọ́n bá kọ fún un nìkan ló mọ̀ nípa irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dán an wò. Ìṣirò owó niṣẹ́ mi, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí èmi àti Excel ti ń bá ara wa fà á. Fáìlì tí mo kó fún un kì í ṣe irú èyí tó mọ́ tónítóní tí wọ́n fi ń polówó ọjà. Fáìlì tó ti jìyà ni: ẹnìkan ti da àwọ̀ mẹ́rin sí i, ẹlòmíì ti so sẹ́ẹ̀lì pọ̀, ẹnìkẹta ti fi ìlà kan pamọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín. Gbogbo iye tó bá mú wá ló máa ń fi àdírẹ́sì rẹ̀ sí lára. Tí ejẹ́ńtì bá ní 3500 ni, á sọ pé D14 lòun ti rí i, èmi náà á sì lọ fi ojú ara mi wò ó. Tí ejẹ́ńtì bá sì ṣi orúkọ ṣíìtì pè, irinṣẹ́ náà kì í kàn pariwo pé àṣìṣe wà. Á to orúkọ gbogbo ṣíìtì tó wà nínú fáìlì náà síwájú rẹ̀, ejẹ́ńtì á mú èyí tó tọ́, iṣẹ́ á sì máa lọ láìyọ mí lẹ́nu. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn mọṣẹ́. Kí ló dé tí wọn ò fún òun náà ní ìwé ìlò kọ?

Torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Fáìlì owó oṣù kan wà tó jẹ́ pé prógíráàmù ló ṣe é, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i nínú Excel rí. Fọ́múlà ló kún kọ́lọ́ọ̀mù àpapọ̀. Mo ní kí ejẹ́ńtì sọ fún mi iye owó oṣù tá a san. Ó fi gbogbo ẹnu dá mi lóhùn pé a ò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣòro. Sẹ́ẹ̀lì tó ní fọ́múlà máa ń gbé nǹkan méjì nínú fáìlì xlsx, ìyẹn fáìlì Excel òde òní: fọ́múlà náà, àti èsì tí wọ́n ṣírò kẹ́yìn. Openpyxl, láíbìrì Python (kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó) tí irinṣẹ́ yìí gùn lé, kì í ṣírò ohunkóhun. Tẹ́ ẹ bá fi ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ data_only sí True, èsì tó wà nípamọ́ ló máa mú wá. Tí kò bá sí èsì nípamọ́, None ni, ìyẹn ni pé kò rí nǹkan kan. Irinṣẹ́ wa wá sọ None di òfìfo, ejẹ́ńtì sọ òfìfo di òdo. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ejẹ́ńtì ò mọ èyí tí wọ́n ń pè ní tọmọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà tún wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ni Excel fi ń pa ọjọ́ mọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni 45292. Tí ẹnikẹ́ni ò bá fún sẹ́ẹ̀lì náà ní ìrísí ọjọ́, 45292 lásán ló máa jáde. Ejẹ́ńtì mi kà á mọ́ owó, ó sì rò ó pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ti rí i ni.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé irinṣẹ́ náà máa ń dúró ní ìlà 500, á sì dákẹ́. Mo mọ ìdí tó fi ń dúró. Ṣíìtì kan lè ní ìlà 1,048,576, kò sí módẹ̀lì, ìyẹn ọpọlọ AI tó wà nínú ejẹ́ńtì, tó máa gbé ìyẹn mì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gé e, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ẹ gé e! Lọ́dún 2020, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní kòrónà tó 15,841 tí orúkọ wọn ò wọ ìròyìn lásìkò, torí fáìlì xls àtijọ́ ò gbà ju ìlà 65,536 lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti kún. Ènìyàn lèyí ṣẹlẹ̀ sí o, ká má tíì sọ ejẹ́ńtì.

Mo bá jókòó, mo tún àlàyé irinṣẹ́ náà kọ fúnra mi. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ gùn tó ogójì ìlà, mo kó gbogbo ìbínú mi sínú rẹ̀, ejẹ́ńtì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwọn kan. Mo gé e kù sí mẹ́rìnlá. Mo kọ pé òfìfo kì í ṣe òdo. Mo kọ pé níbi tí wọ́n bá ti so sẹ́ẹ̀lì pọ̀, èyí tó wà lókè lọ́wọ́ òsì nìkan ló ní ọ̀rọ̀ nínú. Mo kọ pé tí ìlà tó dé bá pé 500 géérégé, kó tún padà lọ béèrè láti ìlà 501. Mo sì fi àpẹẹrẹ ìbéèrè kan àti ìdáhùn rẹ̀ sí i. Àpẹẹrẹ yẹn nìkan ṣiṣẹ́ ju ìlà mẹ́wàá lọ.

Mo tún gbé fáìlì owó oṣù yẹn fún un, pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Ó ní: "Òfìfo ni D14, ó lè jẹ́ pé fọ́múlà tí kò ní èsì nípamọ́ ló wà níbẹ̀, mi ò lè sọ iye rẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì náà nínú Excel, kí ẹ fi pamọ́, kí n tún un kà."

Mo fún irinṣẹ́ náà ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ìlà tí wọ́n fi pamọ́ ṣì wà níbẹ̀ tí kì í sọ fún ejẹ́ńtì pé ó fara pamọ́, èyí ò sì ṣeé fi àlàyé tún ṣe. Inú kóòdù ló wà. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Kí wọ́n tó dáhùn, ọwọ́ ni mo fi ń ṣí àwọn ìlà náà.