The Witcher 3 àti ọmọ tí Baron sin láìsọ lórúkọ

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń to CD PS1 sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni mo ti ń gbá RPG, ìyẹn géèmù tí ènìyàn ti ń di akọni inú ìtàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni mo fẹ́ràn jù, ìdáhùn mi ti wà nílẹ̀: The Witcher 3: Wild Hunt ni, èyí tí CD Projekt Red ní Póláǹdì gbé jáde lóṣù karùn-ún ọdún 2015. Mi ò ní sọ bí ayé inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó tàbí bí àwòrán rẹ̀ ṣe rẹwà tó, aráyé ti sọ ìyẹn tán. Ọ̀rọ̀ Bloody Baron, ọkùnrin kan nínú ìtàn rẹ̀, ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbá a dé ìparí ni, inú sì tún bí mi bíi ti àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ tí kò fẹ́ kí wọ́n tú àṣírí ìtàn fún òun, kó dúró níbí.

Geralt ni ẹni tí à ń darí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pa iwin àti ẹranko abàmì gbowó. Ó ń wá Ciri, ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, ìwákiri yìí ló sì gbé e dé Velen, ilẹ̀ àbàtà tí ogun ti jẹ tán. Baron wà níbẹ̀, nínú ilé olódi tí wọ́n ń pè ní Crow's Perch. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ciri, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ tán àfi tí Geralt bá bá a wá Anna ìyàwó rẹ̀ àti Tamara ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ti sá nílé. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá ni òótọ́ ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀: ọ̀mùtí paraku ni, ó máa ń lu ìyàwó, irú ìjà bẹ́ẹ̀ ló sì ba oyún inú obìnrin náà jẹ́. Ó gbé òkú ọmọ, ó sin ín láìsọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ yẹn kò sinmi. Ó di iwin tí ń wá aboyún kiri lóru.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi síwájú mi: kí n fi idà pa iwin náà, tàbí kí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, kó lè di ẹ̀mí tí ń ṣọ́ ilé. Èmi tí mo dàgbà láàárín àwọn Málọmọ́ àti Dúrójayé, kí ni mo fẹ́ máa rò níbẹ̀? Mo ní kó sọ ọ́ lórúkọ. Baron fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e. Ọkùnrin gbàǹgbà yẹn, tí gbogbo agbègbè ń bẹ̀rù, gbé ohun kékeré tí ojú rẹ̀ kò ṣeé wò mọ́ àyà, ó ń rọra rìn, ọmọ náà ń jà lọ́wọ́ rẹ̀, Geralt sì ń fi agbára ọwọ́ rẹ̀ tù ú kó má baà fa bàbá rẹ̀ ya. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé. Wọ́n sin ín síbi tí ẹsẹ̀ ń gbà wọlé, bàbá sì pè é ní Dea, ó ní ọmọ òun ni. Inú ìtàn ìbílẹ̀ àwọn Slav ni wọ́n ti mú ọmọ yìí, kò jọ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ àbíkú fún wọn ní Póláǹdì. Síbẹ̀, ká ní ìyá mi jókòó tì mí lọ́jọ́ yẹn, kò ní bèèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ igi ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀mí kan wà tí wọ́n há mọ́ abẹ́ igi ńlá kan ní Velen. Ó ń bẹ Geralt pé kó tú òun sílẹ̀, òun á gba àwọn ọmọ òrukàn inú àbàtà lọ́wọ́ àwọn Crones, àjẹ́ mẹ́ta tó fẹ́ pa wọ́n jẹ. Mo tú u sílẹ̀. Ta ni yóò rí ọmọdé tí kò ní gbà á là? Ẹ̀mí náà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, àwọn ọmọ yè. Àṣé Anna ni àwọn àjẹ́ náà fi ṣe olùtọ́jú àwọn ọmọ yẹn, orí rẹ̀ sì ni wọ́n ti gbẹ̀san: wọ́n sọ ọ́ di iwin omi. Kí èpè náà lè tú, wọ́n ní kí n yan ọmọlangidi tó jẹ́ tirẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọmọlangidi. Mo yan èyí tó tọ́. Anna padà di ènìyàn, ó rí ọkọ àti ọmọ rẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí mo padà dé Crow's Perch, Baron ti pokùnso sórí igi inú àgbàlá.

Mo pa PlayStation, mi ò sì lè sùn. Inú bí mi sí àwọn tó kọ ọ́ débi pé mo ń bá wọn jà nínú òkùnkùn. Kí ni mo ṣe tí kò dára? Mo sọ ọmọ lórúkọ, mo gba àwọn ọmọ là, mo mú ọmọlangidi tó yẹ! Èyí tó sì burú jù ni pé wọn kò jẹ́ kí n rí ọ̀nà padà. Láàárín ìgbà tí mo tú ẹ̀mí yẹn sílẹ̀ àti ìgbà tí mo rí okùn, iṣẹ́ tí mo ti ṣe lọ rẹpẹtẹ, ibi tí mo pa géèmù mọ́ sí ti jìnnà, mi ò sì lè sọ gbogbo ìyẹn nù nítorí Baron. Ilẹ̀ ń mọ́ lọ nígbà tí mo tó rí i pé alùyàwó kan ni mò ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Kò sí géèmù mìíràn tó tíì ṣe èyí fún mi.

Mo mọ̀ pé wọn yóò ní Baldur's Gate 3 ńkọ́. Larian, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni wọ́n gbé e jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2023, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ géèmù ọdún náà ní The Game Awards. Mo gbà pé ó ju Witcher lọ nínú ohun púpọ̀. Ìjà rẹ̀ gba ọpọlọ, o lè bá ẹran àti òkú sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ràn Karlach, obìnrin tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì iná rọ́pò ọkàn rẹ̀, bí ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ayò dáìsì ló ń pinnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí ayò bá sì kọ̀ mí, mo kàn máa padà síbi tí mo pa á mọ́ sí ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ni, màá tún un dà. Ọ̀rọ̀ tí mo lè kó jẹ kò wúwo lẹ́nu mi. Honour Mode tí wọ́n fi kún un lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, níbi tí ẹyọ kan ṣoṣo ni ibi ìpamọ́, ló tún un ṣe, ìyẹn nìkan ni mo sì ń gbá báyìí. Skyrim ti 2011, mo jẹ olórí àwọn oníṣẹ́ idán níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Final Fantasy VII ti 1997 pa Aerith, ọ̀kan lára àwọn akọni inú rẹ̀, lójú mi ní ìparí CD kìíní nínú mẹ́ta. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo fà á. Aurion, tí Kiro'o Games ní Kamẹrúùnù ṣe ní 2016, mo fi tayọ̀tayọ̀ rà á, inú mi sì dùn láti rí akọni tó jọ wá. Ìtàn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe rí CD tí mo fi tún un gbá, torí ọjọ́ yẹn náà wà lára àgbéyẹ̀wò yìí. Èyí tí mo rà tuntun ní 2015, máàpù wà nínú páálí rẹ̀, sítíkà wà níbẹ̀, CD orin wà níbẹ̀, lẹ́tà sì wà tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Mo yá ẹnì kan, kò dá a padà. Mo wá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà láti ra Game of the Year Edition, èyí tó ní àfikún ìtàn méjì, Hearts of Stone àti Blood and Wine, nínú. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ kọ́kọ́ wò mí láti orí dé bàtà.

“Àǹtí, ọmọ yín ọkùnrin lẹ fẹ́ rà á fún?”

Mo ní èmi ni mò ń gbá a. Mo bi í pé ṣé gbogbo rẹ̀ ló wà nínú CD, ó ní, “Gbogbo ẹ̀ pátápátá, Àǹtí. Ẹ ò ní fi dátà fa nǹkan kan.” Mo sanwó. Mo délé, Game of the Year ni wọ́n kọ sára páálí, CD inú rẹ̀ sì jẹ́ ti 2015 lásán. Mo padà lọ. Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tí òun sọ ni pé ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Ó gba rìsíìtì lọ́wọ́ mi, ó kà á sókè: “PS4 CD, ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà kọ́ lẹ gbà?” Ó ní ọjà tó bá ti jáde kò lè wọlé mọ́, ó sì kọjú sí oníbàárà mìíràn. Mo dúró. Ó ní kí n má dí ọ̀nà. Mi ò kúrò.

Ọmọbìnrin tó ń bá a tajà ló dìde. “Mà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n wò ó.” Ó fa páálí kan jáde lábẹ́ káńtà, ó ń ṣí àwọn ike CD lọ́kọ̀ọ̀kan láìkánjú, títí ó fi bá a nínú ike géèmù bọ́ọ̀lù. Kò kàn nà án sí mi o. Ó fi sínú PS4 ṣọ́ọ̀bù, ó dúró kó wọlé tán, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ géèmù tuntun, ó fi Hearts of Stone hàn mí. Ó fi aṣọ nu CD náà kó tó kó o fún mi, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Mà, ẹ̀mí abẹ́ igi yẹn, ṣé ẹ tú u sílẹ̀ ni àbí ẹ pa á?”

Mo ní mo tú u sílẹ̀. Ó mi orí. Òun pa á ní tirẹ̀: àwọn àjẹ́ jẹ àwọn ọmọ, Anna yè ṣùgbọ́n orí rẹ̀ dàrú, Baron sì gbé e lọ sí Blue Mountains láti wá ìwòsàn. Ó ní òun kò lè dárí ji ara òun nítorí àwọn ọmọ yẹn. Mo ní kó jẹ́ ká pààrọ̀. A ò tíì débì kankan nínú àríyànjiyàn náà tí ọ̀gá rẹ̀ fi pariwo pé a ń lé oníbàárà lọ.

Hearts of Stone tí ọmọbìnrin náà fi hàn mí, ọ̀tọ̀ ni. Ibi ìgbéyàwó tí ẹ̀mí òkú kan tó ń jẹ́ Vlodimir ti wọ ara Geralt láti jayé alẹ́ kan, bí òrìṣà ṣe ń gun elégùn gẹ́lẹ́ ni. Gaunter O'Dimm sì dẹ́rù bà mí ju gbogbo iwin Velen lọ, torí ohun tí ènìyàn fẹnu ara rẹ̀ bèèrè gan-an ló máa ń fún un. Blood and Wine fún Geralt ní ilé àti oko àjàrà ní Toussaint, ó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àléébù rẹ̀ kò kéré. Geralt kì í dúró síbi tí o bá ní kó dúró, ó máa ń yọ̀ kọjá ilẹ̀kùn. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń kó ẹrù náà ni wọ́n fi ń tan àbẹ́là, o fẹ́ kó owó, ó ń tan iná. Roach ẹṣin rẹ̀ ń há sára ọgbà. Lórí PS4, bí o bá kú, o lè lọ bu omi mu kó tó gbé ọ padà. Lẹ́tà ojú rẹ̀ kéré. Omi erékùṣù Skellige kún fún àpótí tí kò ní ìtàn kankan nínú, ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀ kò ṣàánú wa. Ìjà rẹ̀ sì ń súni bí o bá ti lágbára díẹ̀.

Máàkì tí mo fún wọn: Baldur's Gate 3, 9 nínú 10. Aurion, 6. Skyrim, 7. The Witcher 3, 8, nítorí ìjà àti àbẹ́là. Òun náà ni mo ti tún bẹ̀rẹ̀ láti àná, mo sì fẹ́ pa ẹ̀mí abẹ́ igi yẹn lọ́tẹ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀bù yẹn, 5 nínú 5, bí ẹ bá bá ọmọbìnrin náà níbẹ̀.