Gbígbà BBC láti Crystal Palace: àǹtẹ́nà orí òrùlé, díìṣì àti DAB

Ẹni tó ń gbé Peckham, Camberwell tàbí Lewisham ní gúúsù London kò jìnnà sí òpó Crystal Palace rárá. Òpó náà ga ní mítà 219, agbára tó fi ń fọ́n àwọn ìkànnì BBC ká sì tó 200 kW. Síbẹ̀, àdúgbò yìí gan-an lẹ ó ti rí ilé tí BBC One ti ń já wẹ́wẹ́ lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo ti lo àǹtẹ́nà, mo ti lo díìṣì, mo sì ti fi íntánẹ́ẹ̀tì wò ó. Àǹtẹ́nà orí òrùlé ni mo fi síwájú, bí wọ́n bá ṣáà ti so ó dáadáa. Ìgbì BBC kì í sábà yẹ̀. Láàárín àǹtẹ́nà sí tẹlifíṣọ̀n ni nǹkan ti ń bàjẹ́.

Bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Wọ́n á di ọ̀pọ̀ ìkànnì pọ̀ sí ìdì kan, wọ́n á fi wáyà fáíbà gbé e lọ sí àwọn òpó ńlá. Ilé-iṣẹ́ Arqiva ló ń bójú tó àwọn òpó wọ̀nyí. Àwọn òpó kékeré tó wà nínú àfonífojì àti lẹ́yìn òkè, ọ̀pọ̀ wọn kì í gba fáíbà: ìgbì òpó ńlá ni wọ́n ń gbà láti òfuurufú, tí wọ́n á tún un fọ́n ká fún àdúgbò tiwọn. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí iná jó òpó Bilsdale ní North York Moors lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ 2021, àwọn tó kọjú àǹtẹ́nà sí òpó kékeré abẹ́ rẹ̀ náà pàdánù àwòrán. Ìdì mẹ́ta tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, tí BBC ní méjì nínú wọn, ń dé nǹkan bí 98.5% àwọn ilé ní Britain. Àwọn ìdì tó jẹ́ ti ìṣòwò kò kọjá nǹkan bí 90%, wọn kì í sì í sí lórí ọ̀pọ̀ òpó kékeré.

Ní Crystal Palace, ìdì BBC àkọ́kọ́ wà ní UHF 23 (490 MHz); UHF ni ìgbì tí tẹlifíṣọ̀n ń gbà wá, nọ́ńbà náà sì ń sọ àyè tí ìdì kan wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni BBC One ti nọ́ńbà 1 ti ń wá. Ti HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere jù, wà ní UHF 30 (546 MHz), DVB-T2, ọ̀nà ìfọ́nká tuntun, ni wọ́n fi ń gbé e. Bí nọ́ńbà 1 bá ń ṣiṣẹ́ tí 101, BBC One ti HD, kò sí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá tẹlifíṣọ̀n yín mọ DVB-T2. Èyí tó ti pẹ́ lè má mọ̀ ọ́n, kò sì sí àǹtẹ́nà tó lè wò ó sàn.

Àǹtẹ́nà tó bá òpó yìí mu ni Group A, èyí tí orí rẹ̀ pupa. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìka rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí wọ́n má dúró. Àwọn òpó kékeré ló sábà máa ń fẹ́ kí ìka dúró. Wáyà rẹ̀ níláti jẹ́ 75 ohm, kó ní ìbòrí bàbà méjì. Wáyà olówó pọ́ọ́kú tí ìbòrí rẹ̀ tín-ín-rín máa ń jẹ́ kí ariwo iná LED àti ẹ̀rọ ìfọṣọ wọlé. Ibi tí ẹ bá ti so wáyà mọ́ra níta, ẹ fi téèpù tí omi kò lè gbà kọjá dì í. Bí omi bá wọlé, bàbà á dúdú, á rà, àwòrán á sì máa já ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ní gúúsù London ni búsítà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ìgbì. Àwòrán já, wọ́n ra búsítà, ó tún burú sí i. Agbára ìgbì tó dára kó dé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni 45 sí 65 dBµV (ìwọ̀n agbára ìgbì nínú wáyà). Tó bá ti pọ̀ jù, á dà bí ìgbà tí ènìyàn ń pariwo sínú gbohùngbohùn: ọ̀rọ̀ kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ojú ìwé sígínà nínú tẹlifíṣọ̀n. Bí agbára (strength) bá wà ní 100% tí ojúlówó (quality) sì ń fò sókè-sódò, ẹ yọ búsítà kúrò. Bí kò bá tán, ẹ fi ohun kékeré tó ń dín agbára kù, 10 dB, sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ibi tí búsítà ti wúlò ni ilé tó ń pín wáyà kan sí yàrá púpọ̀, nítorí pípín sí méjì ń jẹ nǹkan bí 4 dB. Àwọn òpó fóònù ń lo ìgbì tó wà lókè UHF 48. Bí wọ́n bá ń da búsítà láàmú, fíltà tó ń dí ìgbì fóònù gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ojú ọjọ́ bá mọ́ gaara tó sì dúró jẹ́ẹ́, ìgbì láti òkè òkun máa ń rìn wọ̀lú, á sì dí tiwa lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún ìkànnì wá nígbà náà. Tẹlifíṣọ̀n á pa èyí tó tọ́ rẹ́, á kó ti òpó mìíràn jọ. Ẹ ní sùúrù, á padà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti tún ìkànnì wá kí ẹ tó mọ̀, ẹ fọwọ́ wá àwọn UHF yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: 22, 23, 25, 26, 28, 30.

Díìṣì dára fún ibi tí òkè tàbí ilé gíga dí òpó mọ́lẹ̀. Sátẹ́láìtì Astra tó wà ní 28.2° ìlà-oòrùn ni ẹ ó kọjú díìṣì sí. Díìṣì 43 cm tó ní gúúsù, ní àríwá ẹ lo 60 cm. Láti oṣù kìíní 2024, HD nìkan ni BBC ń fi ránṣẹ́ lórí sátẹ́láìtì, nítorí náà ẹ má ra àpótí sátẹ́láìtì àtijọ́ tí kò mọ HD lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ti íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́: aládùúgbò á ti pariwo góòlù kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ yín. Ọ̀nà yòówù kí ẹ fi wò ó, ẹ gbọ́dọ̀ san owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n; £174.50 lọ́dún ni nígbà tó di oṣù kẹrin 2025. Rédíò nìkan kò gba owó.

Rédíò DAB (rédíò dígítà) ti BBC jẹ́ ìgbì kan náà jákèjádò ìlú, 12B, 225.648 MHz. Òpó tó pọ̀ ń fọ́n ọn ká lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́, nítorí náà ẹ kò ní máa yí bọ́tìnì nínú ọkọ̀ láti London dé Manchester. Ẹ jẹ́ kí àǹtẹ́nà rẹ̀ dúró ṣánṣán, kó gùn tó 33 cm. Ẹ má fà á tán. Ti FM, irú Radio 4 ní 93.5 láti òpó Wrotham, ló fẹ́ kó gùn tó 80 cm. Bí DAB bá ń dún bí ẹni pé omi ń hó, ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé, ẹ sì gbé e jìnnà sí kọ̀ǹpútà.

Ó dùn mí pé BBC News Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2018, kò sí nínú ìdì kankan lórí òpó yìí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan la ti ń rí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà tó mọ rìmóòtù lò ní Peckham kò kéré.