Yàrá orin tí wọ́n ṣe fún mi ní Òṣogbo: iná yege, fóòmù fìdí rẹmi

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ pe àwọn méjì tó ṣiṣẹ́ yìí, rẹwáyà kan àti káfíńtà tí wọ́n jọ ń rìn, màá ní kí ẹ pè wọ́n fún iná, kíá. Ní ti ohùn, ẹ kọ́kọ́ ka èyí ná. Wọn ò ní búọ̀dù níbì kankan, ẹnu làwọn èèyàn fi ń júwe wọn kiri Òkè-Fìà, mi ò sì ní dárúkọ wọn.

Yàrá náà ò tóbi, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14, búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi kọ́ ọ. Orin àgbà ni mo fẹ́ máa gbọ́ níbẹ̀: àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá, sákárà Yusuf Ọlátúnjí, àwọn àwo tí bàbá mi fi sílẹ̀.

Wọ́n dé kí a tó rẹ́ ògiri, àsìkò tó yẹ gan-an nìyẹn. Rẹwáyà ò bi mí ní iye sípíkà tí mo ní. Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ojú ihò kẹta yìí.” Kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wa ló rí bẹ́ẹ̀: ihò mẹ́ta lójú, wáyà méjì lẹ́yìn. Ló bá gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó gbá irin áàtì wọlé, ìyẹn irin tó ń gba iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ó da èédú àti iyọ̀ yí i ká, ó sì fa wáyà rẹ̀ dé ojú bírékà.

Láti ibẹ̀ ló ti fa wáyà 2.5mm tààrà lọ sí yàrá orin, pẹ̀lú bírékà 20A tirẹ̀. Fíríìjì ò sí lórí rẹ̀, pọ́ǹpù omi ò sí lórí rẹ̀, nítorí náà sípíkà kì í ta “pó” mọ́ nígbà tí fíríìjì bá gbéra. Amplifier, díkódà àti ẹ̀rọ àwo, orí láìnì kan náà ni gbogbo wọn wà, áàtì kan náà ni wọ́n ń lò. Bí ọ̀kan bá gba áàtì níbí, tí èkejì gbà á lọ́hùn-ún, iná díẹ̀ á máa gba inú wáyà orin kọjá láàárín wọn, ẹ ó sì máa gbọ́ “hùùù” 50Hz, ìyẹn ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí bí iná ìjọba wa ṣe ń lù nìyẹn. Àwọn kan á ní kí ẹ gé áàtì kúrò nínú púlọ́ọ̀gì kí ariwo náà lè lọ. Ẹ má dán an wò o! Bí iná bá bọ́ sára irin amplifier, áàtì yẹn ló máa gba ẹ̀mí yín là.

Rẹwáyà náà ló ní kí n má ra inverter olówó pọ́ọ́kú, kí n ra pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geerege bíi ti ìjọba, torí èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí tiransifọ́mà inú amplifier kùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé e sí, pẹ̀lú stabilizer tó ń dún “kó, kó” ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí iná bá rẹlẹ̀. Wáyà sípíkà ní páìpù tirẹ̀, ó jìnnà sí ti iná, ibi tí wọ́n ti pàdé sì dábùú ara wọn. Mi ò rí ohun tí màá bù kù níbẹ̀.

Ó wá kan káfíńtà. Fóòmù onígun-ún-gún, ìwọ̀n íǹṣì kan, ló lẹ̀ mọ́ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ bá pàtẹ́wọ́, gbohùngbohùn ti lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n dídán ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá a lọ, ìró ìsàlẹ̀ sì ń kún yàrá bákan náà. Agídìgbo tí wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ló ń jó o, ẹni tó jókòó sórí àga mi ò lè jó o: nóòtì kan á bú gbàmù, èyí tó tẹ̀ lé e á pòórá. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ohùn ń rin bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà yàrá ẹsẹ̀ bàtà 14, tó gùn tó ìdajì ìgbì 40Hz, á máa gbé 40Hz ga, àti ìlọ́po rẹ̀, 80Hz. Ìgbì 80Hz gùn ju mítà mẹ́rin lọ. Kí ni fóòmù íǹṣì kan fẹ́ fi ṣe?

Ó tún ní fóòmù náà máa dá ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dúró. Irọ́ gbuu. Ohun tó wúwo ló ń dá ariwo dúró, ibi tí atẹ́gùn bá sì ti gbà wọlé, ohùn á tẹ̀ lé e. Ìgbà tó yọ fèrèsé louvre, tó fi èyí tó ń tì pa sí i, tó sì fi rọ́bà yí ẹnu ọ̀nà ká, ni jẹnẹrétọ̀ yẹn tó rọ̀ díẹ̀. Ìyẹn, ó ṣe é dáadáa.

Mo ní kó ṣí ìdajì fóòmù kúrò. A kan férémù pákó, a kó rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, íǹṣì mẹ́rin sí i (ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ó ń yúnni lára), a gbé e sí àwọn igun yàrá, a sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Fún ògiri ẹ̀gbẹ́, mo jókòó sórí àga, àbúrò mi ń fa dígí lọ lára ògiri. Ibi tí mo bá ti rí sípíkà nínú dígí, ibẹ̀ la gbé férémù kọ́. Àdìrẹ la fi bò wọ́n, Òṣogbo ṣá la wà. Ẹ fi ẹnu fẹ́ aṣọ náà kí ẹ tó rà á: bí èémí bá gbà á kọjá, ohùn náà á gbà á. Kí ẹ sì fọ̀ ọ́ dáadáa, torí aró máa ń yọ sí ògiri.

Agídìgbo ti ń tò ní nóòtì-nóòtì báyìí. Ooru ni wọn ò rí nǹkan ṣe sí: bí gbogbo ẹnu ọ̀nà bá ti dí, mo ní láti tan ẹ̀rọ amúlétutù ṣáájú, kí n pa á kí n tó gbé àwo sórí ẹ̀rọ àwo.

Owó fóòmù tí a ṣí kúrò ṣì wà láàárín èmi àti káfíńtà. Ó ní òun fẹ́ kó o lọ lẹ̀ fún oníbàárà mìíràn ní Ìgbọ̀nà; mo ní kó kọ́kọ́ dá owó mi padà.