Google Drive fún ìwé rọ́bọ́ọ̀tì tí adájọ́ nìkan gbọ́dọ̀ rí: ohun tí ojú wa rí ní Kétu

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìwé wa wò. Ẹranko ti kún inú ẹ̀." Ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì wa sí fún ìdíje ló ń wí. Mo ṣí i. Lókè, lápá ọ̀tún, àwọn àwòrán róbótó-róbótó tò síbẹ̀: Loutre anonyme, Capybara anonyme, títí ó fi pé mẹ́fà. Ẹni tó ń lo Google Docs, ibi ìkọ̀wé tó wà nínú Google Drive, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá gba orí línkì wọlé tí kò fi ara rẹ̀ hàn, orúkọ ẹranko ni wọ́n máa fún un. Adájọ́ ìdíje mẹ́ta péré la sì fi línkì náà ránṣẹ́ sí. Ta wá ni mẹ́ta tó kù?

Olùkọ́ físíìkì ni mí ní Kétu níbí, ní Bẹ̀nẹ̀, èmi ni mo sì ń tọ́ àwọn ọmọ mẹ́jọ tó wà nínú ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì wa sọ́nà. Ojú ewé kọkànlá ìwé yẹn ni àwòrán ọwọ́ ìdìmú rọ́bọ́ọ̀tì wa wà. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì troisième ló fi pẹ́ńsù yà á, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì pa á rẹ́ kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó wé e mọ́ ìka rọ́bọ́ọ̀tì náà, kí erín àgbàdo má baà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ló ní orúkọ àwọn ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọjọ́ orí wọn àti fọ́tò wọn. Orí fọ́tò wọ̀nyẹn ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ó tó kan rọ́bà.

Kò sí bí a ó ṣe sọ pé a ò ní fi ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdíje ti gba ibẹ̀ lọ. Ní VEX, ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, línkì ìwé àkọsílẹ̀ ni ẹgbẹ́ máa ń fi sórí RobotEvents, ojúlé ìdíje náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn adájọ́ lè kà á kí wọ́n tó rí àwọn ọmọ. Èyí tí a lọ náà, línkì ni wọ́n ní ká mú wá.

Ẹ̀bi wa ni ohun tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ti Google. Àwa la yan "Tous les utilisateurs disposant du lien", ìyẹn ẹnikẹ́ni tó bá ní línkì, torí pé òun ló yá jù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wá fi línkì náà sínú WhatsApp kíláàsì rẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ayọ̀ ló sún un ṣe é, n kò bá a wí púpọ̀. Ṣùgbọ́n omi tó bá ti dà sílẹ̀ kò ṣeé kó. Ẹni tí línkì náà bá sáà ti kàn lọ́wọ́, ó ti wọlé nìyẹn, Google kò ní bi í pé ta ni ọ́.

Ẹni tó bá ti dé Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ọ̀nà odi Kétu àtijọ́, á tètè lóye ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwọn baba ńlá wa mọ odi, wọ́n gbẹ́ yàrà yí ìlú ká, síbẹ̀ wọ́n tún fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ yẹn ni "Limité" nínú Google Drive, tó ń jẹ́ kí àwọn tí a kọ íméèlì wọn sílẹ̀ nìkan wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo yí i padà sí i, tí mo kọ íméèlì àwọn adájọ́ mẹ́ta sínú rẹ̀, tí mo fi gbogbo wọn sí "Lecteur", ẹni tó lè kà nìkan. Àwọn ẹranko náà pòórá. Láti ìgbà yẹn, fún ọdún méjì báyìí, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣiṣẹ́.

Ó ní wàhálà tirẹ̀ o. Lọ́dún tó kọjá, àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ adájọ́ kan la kọ sínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé íméèlì mìíràn ló wà lórí fóònù rẹ̀. Ìlẹ̀kùn kò ṣí fún un. Ó tẹ "Demander l'accès", bọ́tìnnì tí a fi ń tọrọ àyè láti wọlé, ìbéèrè náà wọlé sọ́dọ̀ mi nígbà tí mo wà nínú kíláàsì, fóònù mi sì wà nínú àpò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí n tó rí i. Nísinsìnyí, a máa ń bi àwọn adájọ́ tẹ́lẹ̀ pé íméèlì wo ni wọ́n fi ń wọ Google, ẹnì kan nínú wa sì máa ń jókòó ti fóònù ní gbogbo àsìkò ìdájọ́.

Ohun méjì mìíràn wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò dá. Àkọ́kọ́ ni fódà: bí fódà bá ṣí sílẹ̀, ohun tí ẹ bá jù sínú rẹ̀ máa ń gba àṣẹ fódà náà. Ẹ wo fódà kí ẹ tó wo fáìlì. Èkejì, ẹ má ṣe fún adájọ́ ní ìwé tí àwọn ọmọ ń kọ nǹkan sí lójoojúmọ́. Ẹ tẹ "Créer une copie", kí ẹ fi ẹ̀dà yẹn ránṣẹ́. Ìtàn àtúnṣe ti àtẹ̀yìnwá kì í bá ẹ̀dà lọ, nítorí náà ohun tí ẹ ti pa rẹ́ ti pa rẹ́ nìyẹn.

A lè pa bọ́tìnnì tí òǹkàwé fi ń gba ìwé sílẹ̀, tó fi ń tẹ̀ ẹ́ jáde tàbí tó fi ń dà á kọ. Mo máa ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé fóònù sókè, tó ya ojú kọ̀ǹpútà ní fọ́tò, kò sí ètò tó lè dá a dúró. Ìdí nìyí tí mo fi ka ohun tí a yọ kúrò nínú ìwé sí ju ohun tí a tì mọ́ inú rẹ̀ lọ. Kò sí ojú ọmọ kankan nínú ìwé wa mọ́, ọwọ́ wọn nìkan ló máa ń hàn lẹ́bàá rọ́bọ́ọ̀tì. "Oníwáyà", "aláwòrán", "akọ̀wé ètò" ni a fi rọ́pò orúkọ. Mo tún fún àwọn òbí ní ìwé láti fọwọ́ sí, torí pé òfin 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni ní Bẹ̀nẹ̀, àjọ APDP ló sì ń bójú tó o. Bàbá kan bi mí pé ṣé ó tó báyẹn. Mo ní, "Bàbá, ọmọ yín ni, ó tó bẹ́ẹ̀."

Fún ojú ewé kọkànlá nìkan, LibreOffice, ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà, ni a ń lò. A máa ń sọ ọ́ di PDF, a ó ṣí "Sécurité", a ó sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í. Ẹnu ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún adájọ́ lórí fóònù, n kì í kọ ọ́ sínú íméèlì tó gbé fáìlì lọ. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó ń ṣí ìwé ni kí ẹ fi sí i. Èyí tó kàn ń kọ̀ pé kí ènìyàn má tẹ̀ ẹ́ jáde kò lágbára, ètò mìíràn lè kọ etí dídi sí i.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Google Drive. Ààyè ìpamọ́ jígà 15 tó fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ tó wa lò dáadáa, àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n lò láìsí pé mo kọ́ wọn. Ìràwọ̀ tí mo mú kúrò, torí ọjọ́ ìparí ni: àkáǹtì ọ̀fẹ́ bíi tiwa kò jẹ́ kí a sọ pé kí àṣẹ adájọ́ parí fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ báyìí. Ọwọ́ la fi ń yọ wọ́n.

Ọmọ tó fi línkì sínú WhatsApp lọ́jọ́sí ni mo gbé iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́ lọ́dún yìí. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìdájọ́ parí, ó yọ àwọn orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gba fóònù ìyá rẹ̀, ó tẹ línkì náà, ó sì yí fóònù sí mi kí n lè rí "Demander l'accès" tó jáde.