Bẹ́líìtì Méjì tí A Kò Bá Nínú Páálí: Àgbéyẹ̀wò Ibùsùn Ọmọ Ẹ̀gbẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì méjì ló mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, ǹ bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì, nítorí ẹni tí ó ń tọ́jú ọmọ tuntun kò ráyè àròyé. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra ibùsùn ọmọ náà wà láàárín ìlú Ìjẹ̀bú-Òde. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù wọn. Ìdí rẹ̀ yóò hàn níwájú.

Irú ibùsùn tí mò ń sọ ni èyí tí a máa ń gbé ti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ní síìpù tí a lè ṣí wálẹ̀, kí ìyá lè nawọ́ gbé ọmọ láìdìde. Dókítà ti sọ fún mi ṣáájú pé iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbẹ̀bí mi, ẹni tí wọ́n bá sì ti la ikùn rẹ̀ rí mọ ohun tí dídìde lóru ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá dúró de ọmọ lọ́dọ̀ wa ní Odògbolú, kò fara mọ́ ọn rárá. Ní tiwọn, ọmọ tuntun kì í dá sùn, abẹ́ apá ìyá rẹ̀ ni àyè rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé inú yàrá kan náà pẹ̀lú wa ni ọmọ yóò wà, àmọ́ kì í ṣe orí fóòmù kan náà, nítorí ohun tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún tẹnu mọ́ ní ọdún 2022 nìyẹn: kí ọmọ máa sùn nínú yàrá àwọn òbí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ó kéré tán, bó bá ṣeé ṣe, kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibi pẹrẹsẹ tí ó le, láìsí ìrọ̀rí tàbí aṣọ dídì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí a má tíì tò ó kí ọmọ tó dé, nítorí a kì í kánjú palẹ̀ mọ́ de àlejò tí a kò tíì rí. Lórí èyí ni mo ṣe orí kunkun, mo sì dúpẹ́ pé mo ṣe é.

Ọjọ́ tí mo lọ rà á, láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Ìbejì. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n bu omi tútù. Nínú irú èyí tí mo fẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, òun náà ni wọ́n sì tò sílẹ̀ fún ìpàtẹ. Ohun tí mo fi yàn án ni pé nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, kò wó tán. Odi kékeré kan ṣẹ́kù tí ó ga ju fóòmù inú rẹ̀ lọ. EN 1130, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún ibùsùn ọmọ tuntun, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2019, sọ pé irú odi bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 12, kí ọmọ má baà yí bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn òbí rẹ̀, kí àwọn náà má sì yí lù ú. Èkejì tí ó wà nítòsí, tí owó rẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kò ní odi kankan, gbalasa ni ó ṣí sílẹ̀. Mo san ₦165,000, wọ́n tú u, wọ́n kó o sínú páálí, wọ́n sì so páálí náà mọ́ òrùlé kẹ̀kẹ́ Márúwá wọn tí ó gbé e dé ilé fún wa. Ọmọbìnrin tí ó tà á fọwọ́ sọ̀yà: “Ó pé, Àǹtí mi. Kò sí ohun tí ẹ ó wá tì níbẹ̀.”

Ọkọ mi tò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo síkúrùù pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn dé ibi tí a fẹ́, fóòmù rẹ̀ sì bá àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀ tí ìka méjì kò lè gba àárín wọn. Bẹ́líìtì nìkan ni a kò rí. Ẹni tí kò bá mọ irú ibùsùn yìí lè rò pé nǹkan kékeré ni, bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì yìí gan-an ni a máa ń gbà kọjá lábẹ́ fóòmù àgbà lọ so mọ́ férémù lódìkejì, òun ló ń fa ibùsùn ọmọ mọ́ bẹ́ẹ̀dì kí àlàfo kankan má ṣe sí láàárín wọn. Mo dùbúlẹ̀, mo fi ìgúnpá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ gbé ọmọ, táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀ lórí táìlì bíntín, odidi apá mi sì wọlé sí àárín méjèèjì. Ọmọ tuntun tí ó bá yí sínú irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kò lè yọ ara rẹ̀, kò sì ní lè ké tí ìyá fi máa gbọ́.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù lórí fóònù. Ọmọbìnrin yẹn náà ló gbé e. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé mi tán, ó wá ní, “Ẹ ká ìrọ̀rí kan sí i láàárín, Àǹtí, kò ní yẹ̀ mọ́.” Mo bi í bóyá ó mọ ohun tí ó ń sọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà àwọn ń ṣe. Ara mi gbóná. Ìrọ̀rí tí a ní kí ó má ṣe sún mọ́ ọmọ ni ọlọ́jà ń fi dí ihò tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó pè mí ní Ìyá Ìbejì mọ́. Mo ti di Màdáámù. Ọmọbìnrin náà fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì mi níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà kò ṣeé dá padà. Mo ní n kò dá ọjà padà, ìyókù ọjà mi ni mo wá gbà. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó mú okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹrù bọ̀. Bí mo ṣe ní n kò gba èyí, ẹnì kejì rẹ̀ gbé nǹkan mìíràn síwájú mi, ó dà bí àga ìrọ̀gbọ̀kú kékeré, apá orí rẹ̀ ga, ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní kí n fi ṣe pààrọ̀, pé ọmọ tí ó bá sùn sínú rẹ̀ kì í bi ọmú tó bá mu. Irú nǹkan yìí ni Fisher-Price, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ohun èlò ọmọdé, kó kúrò lọ́jà ní oṣù kẹrin ọdún 2019, èyí tí wọ́n ń pè ní Rock 'n Play, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.7, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti kú sínú rẹ̀. Ọrùn ọmọ tuntun kò tíì lè gbé orí rẹ̀ dúró. Bí orí rẹ̀ bá ga, àgbọ̀n rẹ̀ yóò tẹ̀ bọ àyà, ọ̀nà èémí yóò sì há. Láti ọdún 2022 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka títa ibùsùn ọmọ tí ó bá ga lápá orí ju ìwọ̀n dígírì 10 lọ léèwọ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ń ka ìròyìn.

Ibẹ̀ ni Àlájà tí wọ́n ni ṣọ́ọ̀bù ti jáde. “Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o, ìyàwó wa. Ẹ má bínú.” Wọ́n bá àwọn ọmọ wọn wí lójú mi, wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́n fún mi ní ènì, ni wọ́n bá mú àwọn tìmùtìmù aláwọ̀ mèremère tí a máa ń so yí inú ibùsùn ọmọ ká wá. Òfin ọdún 2022 yẹn kan náà ló lé tìmùtìmù yìí kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà, nítorí ọmọ lè tẹ imú mọ́ ọn. Mo dúpẹ́ ènì, n kò gbà á. Àlájà bínú sí èyí díẹ̀, mo rí i, nítorí a kì í kọ ènì ní Ìjẹ̀bú.

Ọmọkùnrin kan tí ó ń bá wọn gbé ẹrù ló wá sún mọ́ mi, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́líìtì dúdú kan báyìí ni, tí bọ́kù rẹ̀ jẹ́ ike?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jáde lọ sídìí kẹ̀kẹ́ Márúwá tí wọ́n gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó tú bẹ́líìtì méjì kúrò lára irin òrùlé rẹ̀, ó kó wọn fún mi. Àwọn náà ni. Àwọn ni wọ́n fi so páálí tèmi mọ́ òrùlé wá sí Odògbolú, tí wọ́n sì tú wọn ní ojúde wa, tí wọ́n kó wọn padà lọ. Òórùn epo bẹntiróòlù ń jáde lára wọn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó já, bọ́kù wọn sì ń há dáadáa.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí, àfi bí ọmọkùnrin yìí ṣe kanlẹ̀kùn wa nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú sípánà àti téèpù ìwọnlẹ̀ nínú àpò. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó ní kí ọkọ mi kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí fóòmù máa ń rì bí èèyàn bá wà lórí rẹ̀, ìwọ̀n tí a bá sì wọ̀n nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, irọ́ ni. Ó wọ̀n láti orí táìlì dé ibi tí fóòmù rì dé, ó sún ẹsẹ̀ ibùsùn ọmọ wálẹ̀ ní ihò kan. Lẹ́yìn náà ló fi ohun tí a kò kíyè sí hàn wá: pákó àfàrà tí káfíńtà fi yí bẹ́ẹ̀dì wa ká nípọn, ó sì yọ sókè, nítorí náà bí bẹ́líìtì ti wù kí ó fa tó, pákó náà ni ibùsùn ọmọ yóò máa gbá, kò ní dé ara fóòmù. Ó ní kí a jẹ́ kí káfíńtà ré pákó ẹ̀gbẹ́ yẹn wálẹ̀ dé ibi tí fóòmù jókòó lé, kí a sì fa fóòmù jáde bá ibùsùn ọmọ. Ìyá ọkọ mi ló dúró ti káfíńtà lọ́jọ́ kejì. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n, ìlú onígi, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ayùn ṣeré lójú wọn. Owó ọkọ̀ nìkan ni ọmọkùnrin náà gbà, ó sì bẹ̀ wá pé kí a má ṣe jẹ́ kí Àlájà mọ̀ pé òun wá. Ìdí tí mo fi sọ pé n kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Nísinsìnyí tí ọmọ ti wà nínú rẹ̀, kí n sọ òótọ́ nípa ibùsùn fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ojú ọgbẹ́ mi kò tíì jinná, n kò mọ bí ǹ bá ti ṣe é láìsí i. Mo kàn ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, n ó fa ọmọ wá sí àyà, bí ó bá mu tán, n ó dá a padà kọjá odi kékeré yẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n, afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá, èyí sì ṣe pàtàkì ní alẹ́ tí kò bá sí iná. Fóòmù rẹ̀ tínrín, ó le. Ìyá ọkọ mi gbà pé wọ́n rẹ́ wa jẹ, wọ́n sì ti fẹ́ ṣẹ́ aṣọ àdìrẹ wọn àtijọ́ sí i lábẹ́ ọmọ, àfi ìgbà tí mo ní kí wọ́n tẹ ọwọ́ mọ́ ọn kí wọ́n wo bí kò ṣe tẹ̀ wọlé, pé líle yẹn gan-an ni a sanwó fún. Wọn kò tún dá a lábàá mọ́. Èmi ni mo bá wọn nídìí ibùsùn náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n ń júwe síìpù rẹ̀ fún àlejò.

Àwọ̀n ẹ̀fọn tí ó bá a wá kò wúlò fún nǹkankan. Bí a bá ṣí ẹ̀gbẹ́ wálẹ̀, àwọ̀n náà kò bò ó mọ́, bẹ́ẹ̀ alẹ́ tí a ń ṣí i ni ẹ̀fọn ń jẹni. Àwọ̀n ńlá kan ni a ta bo bẹ́ẹ̀dì àti ibùsùn ọmọ pọ̀. Kò sì sí aṣọ ìtẹ́ tí ó bá fóòmù rẹ̀ mu ní gbogbo ọjà tí mo wá. Mo béèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù lórí WhatsApp, wọ́n ka ọ̀rọ̀ mi, wọn kò fèsì. Télọ̀ ló rán méjì fún mi. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra irú rẹ̀ mọ̀ pẹ̀lú pé ní ọjọ́ tí ọmọ bá ti ń fi ọwọ́ àti eékún gbé ara rẹ̀ sókè, lílò rẹ̀ ti parí, nítorí yóò fo odi náà. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, kò ju bí oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Owó ńlá ni fún àkókò kúkúrú.

Àbúrò mi tí ó wà ní Ṣágámù lóyún, ó ní kí n bá òun ra irú rẹ̀, mo sì ti fi owó ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà, nítorí n kò rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń tà èyí tí ó ní odi. Mo ní kí ọmọkùnrin yẹn lọ bá a tò ó.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún un.