MRI próstéètì: ṣé 1.5T ni àbí 3T?
Tí dókítà bá fẹ́ fi MRI (ẹ̀rọ tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ya fọ́tò inú ara) mọ ibi tí jẹjẹrẹ próstéètì dé, èwo ló dáa jù nínú 1.5T àti 3T, ìyẹn bí agbára mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣe tó (T yìí ni tesla)? 3T máa ń ya fọ́tò tó mọ́ kedere, ó sì rọrùn láti fi rí i bóyá jẹjẹrẹ ṣì wà nínú próstéètì (ìpele jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní T2) àbí ó ti yọ kọjá èèpo próstéètì (ìpele T3a). 1.5T náà ń gbìyànjú o, àmọ́ ó lè pẹ́ díẹ̀. Ibi tí wàhálà 3T wà ni pé irin ìbàdí (irin tí wọ́n fi pààrọ̀ oríkèé ìbàdí) àti gáàsì inú ìdí tètè máa ń da fọ́tò ẹ̀ rú, pàápàá DWI (irú fọ́tò MRI tó ń fi bí omi ṣe ń rìn nínú ẹran ara hàn), fọ́tò tó bá sì ti rú, jẹjẹrẹ tó ti jáde lè dà bíi pé ó ṣì wà nínú. Ká má purọ́, 1.5T tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe sàn ju 3T wúruwùru lọ. Tó o bá ní irin ní ìbàdí, bèèrè 1.5T, tí ò bá sí irin, tówó 3T ò sì pa ẹ́ lára, ṣe ìyẹn.